Kámẹ́rà àlòkù tí kò dún

“Ọ̀kun o, Bàbá. Mo ra kámẹ́rà Canon AE-1 kan ní Kàbà lọ́wọ́ ọmọ ayàwòrán kan tó ti dolóògbé. Bí mo ṣe tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tó, kò dún. Nǹkan dúdú kan tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú lẹ́ǹsì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fín òróró sí i, òmíràn ní kí n rì í sínú ìrẹsì bí wọ́n ṣe ń ṣe fóònù tó bọ́ sómi. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé bátìrì kò pọn dandan. Ìyá mi àgbà ní Bùnú ṣì ń hun aṣọ, mo sì fẹ́ yà wọ́n nídìí òfì kí agbára wọn tó dín kù. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kámẹ́rà yìí ṣì lè ṣiṣẹ́, àbí mo ti da owó mi sómi?”

Ọ̀kun o, àbúrò mi. Inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ, pàápàá nítorí ẹni tí o fẹ́ yà. Bí mo bá tú ọ̀rọ̀ rẹ palẹ̀, àìsàn mẹ́ta ló wà lára kámẹ́rà náà: kò dún, fọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ́, lẹ́ǹsì rẹ̀ sì ti bu. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, oògùn ọ̀kan kò sì ní í wo èkejì. Kí a tó dé ibẹ̀, jọ̀ọ́, gbé òróró yẹn jìnnà sí i, má sì fi í sínú ìrẹsì. Kámẹ́rà rẹ kò bọ́ sómi. Eruku funfun ara ìrẹsì ni yóò kàn wọ inú rẹ̀ lọ, tí yóò lọ jókòó sórí jígí àti lẹ́ǹsì, ìwọ ni yóò sì tún padà máa wá bí yóò ṣe kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló jà jù, òun ni kí a kọ́kọ́ mú. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á fún ọ má purọ́ o. Irú kámẹ́rà mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìdílé méjì ni àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé irin, sípírín-ìn àti jíà ni gbogbo iṣẹ́ inú wọn, bí aago àtijọ́ tí à ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Pentax K1000, tí wọ́n ṣe láti 1976 títí dé 1997, wà nínú wọn. Nikon FM2 tó jáde ní 1982 wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Zenit tí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe. Yọ bátìrì K1000 dànù, yóò ṣì dún, yóò sì ya fọ́tò; abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ni kò ní í mira. Ṣùgbọ́n AE-1 tìrẹ, tí Canon gbé jáde ní Japan ní 1976 bákan náà, iná ló ń gbé e. Wọ́n fi ọpọlọ kékeré bíi ti kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì ló sì ń di ṣọ́tà rẹ̀ mú, ìyẹn aṣọ tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù, òun náà ló sì ń tú u sílẹ̀. Bí kò bá sí iná, òkúta ni. O lè tẹ bọ́tìnnì náà láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní í dáhùn. Kámẹ́rà AE-1 tí wọ́n gbé wá bá mi pé ó ti kú pọ̀ púpọ̀, tó sì jẹ́ pé ebi ló ń pa á.

Bátìrì tó ń lò jẹ́ ti fóòtì (volt) 6. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 4LR44, àwọn mìíràn ń pè é ní PX28. O lè wá a títí nínú ọjà Kàbà tàbí Ìsánlú kí o má rí i, ṣùgbọ́n wo nọ́ńbà náà dáadáa: LR44 mẹ́rin ni wọ́n tò léra wọn. LR44 yìí ni bátìrì róbótó bíi bọ́tìnnì tó wà nínú kálíkúlétọ̀ àti ohun ìṣeré ọmọdé, ìsọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe kò sì lè ṣe kó má ní in. Ra tuntun mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 1.5, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì di 6. Tò wọ́n léra, kí ojú gbogbo wọn kọ sí ibì kan náà, fi bébà wé wọn títí yóò fi nípọn tó mìlímítà 13, kí o wá lẹ̀ ẹ́ pa. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní í gùn ju mìlímítà 21.6 lọ, nígbà tí ojúlówó tó mìlímítà 25. Àlàfo kékeré yóò wà. Ká bébà fóìlì tí a fi ń wé ẹran yíyan, tẹ̀ ẹ́ kó le, fi dí àlàfo náà. Wo àmì tó wà nínú ihò bátìrì kí o má baà kọjú rẹ̀ sódì. Ìlẹ̀kùn ihò náà, tó wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì, ike gbígbẹ ni, ó sì ń tètè kán. Má fi ọ̀bẹ ṣí i.

Kí o tó fi bátìrì sí i, tan iná fóònù rẹ sínú ihò náà. Bí o bá rí nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé tó gbẹ mọ́ irin inú rẹ̀, bátìrì àtijọ́ ló ti jò síbẹ̀. Èyí wọ́pọ̀ púpọ̀, nítorí nígbà tí ayàwòrán bá kú tàbí tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ń rántí yọ bátìrì. Ohun tó jò yẹn ní agbára bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ, nítorí náà ohun kíkan ló ń pa á. Fi igi ìfọtí olówùú kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, tàbí ọtí kíkan; kí ó rin, kí ó má kán sílẹ̀. Fi nu irin náà títí yóò fi mọ́, fi òmíràn tó kan omi díẹ̀ nu kíkan náà kúrò, kí o wá fi sípírítì nù ún kẹ́yìn, kí o sì jẹ́ kó gbẹ. Bí irin náà bá ṣì dúdú, fi bébà gbẹ́nàgbẹ́nà tó kúná ha á díẹ̀ títí yóò fi dán. Ohun tí n kò lè ṣèlérí ni pé jíjò náà kò tíì rìn gba inú wáyà lọ sí ọpọlọ rẹ̀. Bó bá ti dé ibẹ̀, fífọ ẹnu ihò kò lè ràn án lọ́wọ́.

Fi bátìrì sí i wàyí. Lókè, lápá òsì, nítòsí ọwọ́ tí a fi ń ká fíìmù padà, bọ́tìnnì dúdú kékeré kan wà tí a fi ń dán bátìrì wò. Fi ojú sí kámẹ́rà, kí o tẹ̀ ẹ́. Bí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ dé ibi 5.6 tàbí kó kọjá ibẹ̀ sísàlẹ̀, iná ti wọ̀ ọ́. Bí kò bá mira rárá, padà lọ wo bí o ṣe to àwọn bátìrì náà kí o tó dá kámẹ́rà lẹ́bi, nítorí fóìlì tó yẹ̀ díẹ̀ ti tó láti gé iná. Lẹ́yìn náà, fa ọwọ́ tó ń ká fíìmù síwájú dé òpin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fà á dé ìdajì, bọ́tìnnì kò sì ní í gbà bí kò bá dé òpin. Bó bá le, má fi agbára fà á.

Bí abẹ́rẹ́ bá ń mira tí bọ́tìnnì kò sì dún, ọ̀rọ̀ ti di ti inú. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí tàbí gírísì ti bo ojú mágínẹ́ẹ̀tì tó ń tú ṣọ́tà sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wáyà kan ti já. Ibí yìí ni ọwọ́ àwọn ènìyàn ti máa ń lọ sí òróró, mo sì fẹ́ kí o mọ ìdí tí mo fi ń kọ̀ ọ́. Òróró tí wọ́n ń fín yẹn a máa ràn káàkiri. Kò ní í dúró níbi tí o fín in sí. Yóò yọ́ gírísì àtijọ́ tó wà lára àwọn jíà, yóò sì gbé e rìn lọ sórí àwọn ewé irin tó ń ṣí ihò lẹ́ǹsì, àti sórí aṣọ dúdú tí wọ́n fi ṣe ṣọ́tà. Ewé irin tó bá ti mu òróró a máa lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo fín in sí kámẹ́rà oníbàárà kan tí ọ̀gá mi kò sí nílé. Ó dún lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà gbé e lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ewé irin náà kò sì tètè pa dé. Fọ́tò tó funfun bálaú ló bá dé, kò sí ojú ìyàwó níbẹ̀. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí.

Òótọ́ ni pé ibì kan wà nínú AE-1 tó ń fẹ́ òróró. Àwọn jíà kan tó ń gbé jígí rẹ̀ sókè a máa gbẹ bí ọdún bá ti pọ̀, kámẹ́rà náà á wá máa han bí ìlẹ̀kùn tí òróró rẹ̀ ti gbẹ, tàbí kó máa wúkọ́ nígbàkúùgbà tó bá dún. Ẹ̀kán kan ṣoṣo òróró aago, ní ṣónṣó abẹ́rẹ́, níbi tó yẹ gan-an, ń tán ìṣòro yìí. Ẹni tó mọ ibẹ̀ ló lè ṣe é. Tìrẹ kò tíì dún, nítorí náà kò tíì sí ìdí láti máa wá oògùn ikọ́ fún un.

Ohun dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ ni kó má já ọ láyà rárá. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi há etí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kámẹ́rà kí ìmọ́lẹ̀ má baà ráàyè wọlé. Ọdún àti ooru ló ń yọ́ ọ di bí ọ̀dà. Bí o bá fi fíìmù sí i báyìí, ìlà pupa tàbí funfun yóò fa etí gbogbo fọ́tò rẹ. Gbẹ́ igi tín-ínrín kan, fi í kan sípírítì, máa fi ha á jáde díẹ̀díẹ̀. Dojú kámẹ́rà dé nígbà tí o bá ń ṣe é kí èérún rẹ̀ lè máa bọ́ sílẹ̀, kó má bọ́ sórí ṣọ́tà, má sì jẹ́ kí ìka rẹ kan aṣọ ṣọ́tà náà láéláé. Láti fi dípò rẹ̀, òwú dúdú tí àwọn onídìrí fi ń di irun, èyí tí wọ́n ń pè ní Brazilian wool, dára ju ohun tí àwọn kan ń ra láti òkè òkun lọ lójú tèmi. Tẹ̀ ẹ́ sínú kòtò tín-ínrín òkè àti ìsàlẹ̀, kí o fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ mú orí rẹ̀ méjèèjì. Níbi ìde ìlẹ̀kùn, gé fẹ́lífẹ́ẹ̀tì dúdú pẹlẹbẹ kan sí i. Fọ́ọ̀mù kan tún wà lókè jígí níwájú, níbi tí jígí ń gbá mọ́. Fọ́ọ̀mù tín-ínrín ni kí o fi dí ìyẹn, òwú yóò máa tú sínú rẹ̀.

Ti lẹ́ǹsì ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn yẹn, fúńgọ́ọ̀sì ni, ìbátan èyí tó ń mú búrẹ́dì bu. Àpò awọ tí àwọn ayàwòrán wa ń kó kámẹ́rà sí ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Awọ a máa mu ọ̀rinrin òjò láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, bí wọ́n bá sì gbé e sínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, nínú òkùnkùn tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó ti rí ilé. Bó bá jẹ́ ojú lẹ́ǹsì níta ló wà, aṣọ tó mọ́ àti sípírítì díẹ̀ yóò nù ún. Bó bá jẹ́ àárín àwọn gíláàsì inú, a ní láti tú lẹ́ǹsì náà, n kò sì gbà ọ́ nímọ̀ràn láti fi èyí kọ́ṣẹ́. Má sá a sóòrùn pẹ̀lú. Gíláàsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ lè jó nǹkan, ooru sì ń jẹ́ kí gírísì ṣàn sórí ewé irin. Bó bá ti jẹ gíláàsì, àpá rẹ̀ kò ní í kúrò mọ́ kódà bí a bá fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ kì í hàn nínú fọ́tò rárá. Ó máa ń hàn bí o bá dojú kọ ìmọ́lẹ̀, gbogbo nǹkan á wá dà bí ìgbà tí ọyẹ́ mú. Wo ó lójú iná: bó bá jẹ́ fọ́nrán bíi mélòó kan létí, máa lò ó lọ. Bó bá ti bo àárín, wá lẹ́ǹsì FD mìíràn (irú tó ń wọ kámẹ́rà Canon yìí), ti mìlímítà 50 tó ń ṣí dé 1.8 sì ni kò wọ́n jù nínú wọn. Má kó méjèèjì sínú àpò kan. Nínú ike tó ń pa dé dáadáa ni kí o máa kó wọn sí, pẹ̀lú àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń fa omi, èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun.

Bó bá ti dún, má tíì ra fíìmù. Yọ lẹ́ǹsì, ṣí ẹ̀yìn, kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun, kí o máa tẹ̀ ẹ́ láti ìyára 1000 (ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá kan) sọ̀ kalẹ̀. Ní 1000, o gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ tó kọ mànà kárí ojú fèrèsé náà. Bí apá kan bá ṣókùnkùn, aṣọ ṣọ́tà méjèèjì kò rìn dọ́gba mọ́. Fi 1000 sílẹ̀, kí o wo bí 500 àti 250 ṣe ń ṣe. Fún àwọn tó lọ́ra, fi fóònù tó lè ya fídíò ní ẹyọ àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gbà á sílẹ̀, kí o wá máa wò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní 30, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn nínú nǹkan bí ẹyọ mẹ́jọ. Bí o bá ka mẹ́sàn-án, kò burú. Bí o bá ka mẹ́rìndínlógún, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ti di ìlọ́po méjì.

Bí gbogbo èyí kò bá mú un dún ńkọ́? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni kí n sọ. AE-1 tí ọpọlọ rẹ̀ ti jóná kò tó ohun tí à ń náwó lé lórí. Wáyà inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bébà, jíjó ni wọ́n jó o mọ́ra, wọn kò sì ṣe ẹ̀yà rẹ̀ tuntun mọ́; ara kámẹ́rà mìíràn tó ti kú ni a ti ń yọ ọ́. O lè fi wébíìlì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe é ní Èkó tàbí Ìbàdàn láti gáréèjì, ṣùgbọ́n béèrè iye tó fẹ́ gbà kí o tó fi ránṣẹ́, kí o sì fi í wé iye tí wọ́n ń ta K1000 tó ń ṣiṣẹ́. Èmi, K1000 ni màá rà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lẹ́ǹsì FD rẹ kò ní í wọ̀ ọ́, lẹ́ǹsì tirẹ̀ ló ń lò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta AE-1 náà fún ẹni tó ń wá ẹ̀yà, kí o sì sọ òótọ́ ohun tó ń ṣe é.

Ó ku ọ̀rọ̀ fíìmù, ibẹ̀ sì ni owó ń lọ jù. Kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, tí àwa ará Okun ṣì wà lábẹ́ Kwara, Ìlọrin ni à ń gbé fíìmù aláwọ̀ lọ fọ̀. Láyé ìsinsìnyí, ìwọ fúnra rẹ ni kí o kọ́ bí a ṣe ń fọ fíìmù. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dúdú àti funfun, irú Ilford HP5 Plus 400. Nínú omi oògùn D-76 tí a kò là, ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀ ni ní ìwọ̀n ooru 20 (Celsius). Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ tiwa kì í tutù tó 20 lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Kó omi dídì sínú ọ̀rá, gbé e sínú báàfù omi tí ìgò oògùn dúró sí, má jẹ́ kó dà sínú oògùn náà. Bí omi bá gbóná ju 20 lọ, àkókò ń dín kù, má sì jẹ́ kó dín kù tó ìṣẹ́jú 5, kí fíìmù má baà ṣe bátabàta. Bó bá jẹ́ pé pupa aṣọ ìpò ti Bùnú lo fẹ́ kó hàn, dúdú àti funfun kò lè fún ọ: pupa rẹ̀ yóò di eérú, aṣọ àwọ̀ ewé tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì lè di eérú kan náà. Fíìmù aláwọ̀ ń fẹ́ ooru 37.8 fún ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 15, ó sì rọrùn fún wa níhìn-ín láti mú omi gbóná dé ibẹ̀ ju kí a mú un tutù dé 20 lọ. Kìkì pé àkókò rẹ̀ kúrú, kò sì gba àṣìṣe. Bí o bá ti fọ̀ ọ́ tán tó gbẹ, gbé négátíìfù náà síwájú ojú fóònù tó funfun, fi fóònù mìíràn yà á, kí o sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

Má fi fíìmù àkọ́kọ́ ya ìyá àgbà; nígbà tí o bá sì máa yà wọ́n, fi fóònù yà wọ́n mọ́ ọn. Lo ẹyọ 36 inú fíìmù àkọ́kọ́ náà yíká ilé, kọ nọ́ńbà tí o lò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Bí o bá padà dé Bùnú, òfì wọn á wà nínú òjìji lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, dúró sára ògiri. Fún fíìmù 400, bẹ̀rẹ̀ láti ihò lẹ́ǹsì 5.6 ní ìyára 250, kí o tún yà á lẹ́ẹ̀kan sí i ní ihò 4. Tọ́jú fíìmù sínú fíríìjì títí di ọjọ́ náà, mú un jáde ní wákàtí kan ṣáájú, má sì fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Bá mi kí wọn, kí o sì bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń hun aṣọ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Nígbà tí o bá ti fi bátìrì sí i, kọ̀wé padà sí mi kí o sọ nọ́ńbà tí abẹ́rẹ́ dúró sí.